‘Ti’ àti Ètò Ìṣẹ̀lẹ̀ nínú Ìtàn Yorùbá: Lámèyítọ́ lórí Ohun tí Wọ́n Ní Èdè Náà Kò Ní

Ìfáárà

Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìtàn rí. Kò sí ẹni tó lè sọ ìtàn kí ó má fi èyí tó ṣáájú hàn yàtọ̀ sí èyí tó tẹ̀ lé e. Gbogbo èdè ló sì ní ọ̀nà tó ń gbà ya méjèèjì sọ́tọ̀. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, èjìká àsìkò tí gírámà wọn ń pè ní past perfect ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí já lé: ‘had’ yóò jókòó síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, òǹkàwé yóò sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń sọ ti ṣẹlẹ̀ kí òmíràn tó ṣẹlẹ̀.

Ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ojú méjì ni wọ́n sábà máa ń fi wo ọ̀rọ̀ yìí bí ó bá di ti èdè Yorùbá. Àwọn kan á ní èdè náà kò ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ kì í yí ìrísí padà. Àwọn mìíràn á ní ó ní in, pé wúnrẹ̀n ‘ti’ ni. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti rí ‘had’, kí ó kọ ‘ti’. Èrò méjèèjì yàtọ̀ lójú, ṣùgbọ́n ìdí kan náà ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá: bàtà ẹlòmíràn ni wọ́n fi ń wọn ẹsẹ̀ Yorùbá. Ẹni àkọ́kọ́ ní bàtà náà kò wọlé. Ẹni kejì tì í wọ̀ tipátipá.

Kókó iṣẹ́ yìí ni pé èdè Yorùbá ní ètò tirẹ̀, tó pé, fún fífi ìtẹ̀léra ìṣẹ̀lẹ̀ hàn. Pé ‘ti’ jẹ́ ọ̀kan péré nínú ètò náà. Àti pé ẹni tó bá fi ‘ti’ rọ́pò ‘had’ níbi gbogbo yóò ba ìtẹ̀léra tó fẹ́ fi hàn jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí inú ìwé gírámà nìkan. Ó kan bí wọ́n ṣe ń ka ìtàn àròsọ, bí wọ́n ṣe ń túmọ̀ rẹ̀, àti bí ẹ̀rí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń dé etí adájọ́.

Iṣẹ́ tí ‘ti’ ń ṣe

Láti ayé Samuel Àjàyí Crowther, tí ìwé gírámà rẹ̀ jáde ní 1852, títí dé A Grammar of Yoruba tí Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ ní 1966 àti Essentials of Yoruba Grammar tí Ọládélé Awóbùlúyì kọ ní 1978, àwọn wúnrẹ̀n tó ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe kò yé fa àríyànjiyàn. Ṣé àsìkò ni wọ́n ń fi hàn ni, àbí ibá-ìṣẹ̀lẹ̀? Orúkọ tí àwọn onígírámà fún àsìkò tí kì í ṣe ti ọjọ́ iwájú tilẹ̀ tó ẹ̀kọ́ fún ọlọgbọ́n: afànámónìí ni wọ́n pè é. Àná àti òní kò ní ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá. ‘Ó lọ’ jẹ́ ti àná, ‘ó mọ̀ ọ́n’ sì lè jẹ́ ti òní. Irú ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà níbẹ̀ àti àyíká ọ̀rọ̀ ló ń pinnu.

Ẹ jẹ́ kí gbólóhùn méjì yìí dúró bí àpẹẹrẹ:

(1) Nígbà tí ọlọ́pàá dé, olè sá lọ.
(2) Nígbà tí ọlọ́pàá dé, olè ti sá lọ.

Nínú (1), dídé ọlọ́pàá ló lé olè. Olè náà wà níbẹ̀, bóyá ọlọ́pàá tilẹ̀ rí ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú (2), ibùba òfìfo ni ọlọ́pàá bá. Wúnrẹ̀n onísílébù kan ló yí ohun gbogbo padà. Ní ti pé ‘ti’ lè ṣe iṣẹ́ tí ‘had’ ń ṣe, kò sí àríyànjiyàn.

Ibi tí wọ́n ti yapa ni èyí. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1947, Elements of Symbolic Logic, Hans Reichenbach ya ìgbà mẹ́ta sọ́tọ̀: ìgbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, ìgbà tí ìṣẹ̀lẹ̀ ṣẹlẹ̀, àti ìgbà tí asọ̀tàn dúró sí láti wo ìṣẹ̀lẹ̀ náà. ‘Had’ so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: ìṣẹ̀lẹ̀ ṣáájú ibùdúró, ibùdúró náà sì ṣáájú ìgbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ìdajì àkọ́kọ́ nìkan ni ‘ti’ ń sọ. Ó ní ìṣẹ̀lẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kí ibùdúró tó dé. Kò sọ ibi tí ibùdúró náà wà. Ìdí nìyí tí ‘olè ti sá lọ’ fi lè jẹ́ ìròyìn òní, kí ó jẹ́ ìtàn ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, kí ‘olè yóò ti sá lọ’ sì jẹ́ ti ọ̀la. Kò sí àléébù níbẹ̀. Asọ̀tàn Yorùbá ló ni ẹrù àtifi ibùdúró hàn, ó sì ń fi awẹ́-gbólóhùn mìíràn, ọ̀rọ̀ ìgbà, tàbí ìtàn tó ṣáájú ṣe é.

Ohun kejì tó yẹ kí olùkọ́ kíyè sí ni pé kì í ṣe gbogbo ‘ti’ ló jẹ́ ti ibá aṣetán. Nínú ‘Níbo ni o ti rà á?’, ibi tí nǹkan ti wá ni ‘ti’ ń tọ́ka sí. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ sí ‘had bought’ ti ṣìnà. Bí wọ́n bá wá kọ ọ́ láìfi àmì ohùn sí i, ‘ti’ àti ‘tí’ á dàpọ̀, ‘olè ti sá lọ’ àti ‘olè tí ó sá lọ’ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn lójú ẹni tó ń sáré kàwé. Àìfi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ kì í ṣe àṣìṣe kékeré níbi tí ètò ìṣẹ̀lẹ̀ bá wà nínú ewu.

Àwọn irinṣẹ́ mìíràn

Kí àgbàdo tó dáyé, nǹkan kan ni adìẹ ń jẹ. Òwe yìí fi ìtẹ̀léra hàn kedere láìlo ‘ti’ rárá. ‘Kí … tó’ ló ṣiṣẹ́ náà. Ó sì yẹ fún àkíyèsí pé ‘kí’ yìí jọ èyí tó ń bẹ nínú ‘mo fẹ́ kí ó lọ’, ìyẹn ‘kí’ ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Lójú adìẹ tó ń jẹun nígbà náà, àgbàdo kò tíì dáyé. Ẹ̀gbẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ àkọ́kọ́ ni èdè Yorùbá dúró sí tó fi ń wo èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ojú kan náà ló fi ń wò nínú ‘nígbà tí ọlọ́pàá yóò fi dé, olè ti sá lọ’: ‘yóò’ tí í ṣe ti ọjọ́ iwájú jókòó sínú ìtàn àná láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe àṣìṣe.

Èdè Yorùbá kò dá rìn lójú ọ̀nà yìí. Hausa á ní ‘Kafin ’yan sanda su iso, ɓarawo ya riga ya gudu’. Lẹ́yìn ‘kafin’, ìrísí ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń lò, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ṣe ń lo ‘kí’. ‘Riga’ sì jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe gidi tó túmọ̀ sí kí nǹkan ṣáájú. Igbo á ní ‘Tupu ndị uwe ojii abịa, onye ohi agbaala ọsọ’. ‘-La’ tó wà lára ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí, àwọn ẹ̀ka-èdè kan sì ń lo ‘-go’ dípò rẹ̀. Èdè mẹ́ta nìyí tí kò lo ‘had’, tí kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí olè àti ọlọ́pàá ti dàrú mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ‘kọ́kọ́’, ‘ṣẹ̀ṣẹ̀’, ‘tán’, ‘lẹ́yìn tí’ àti ‘kò tíì’ ní iṣẹ́ tiwọn. ‘Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun nígbà tí mo dé’ sọ bí àlàfo àárín ìṣẹ̀lẹ̀ méjì ti kéré tó, ohun tí ‘had’ nìkan kò lè sọ. ‘Mo bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí’ sọ pé ẹnìkan ti ṣí i, láìdárúkọ ẹni náà, láìsì lo ‘ti’.

Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tó lágbára jù nínú gbogbo wọn ni èyí tí kò ní wúnrẹ̀n kankan: kí ọ̀rọ̀-ìṣe tẹ̀ léra bí ìṣẹ̀lẹ̀ ṣe tẹ̀ léra. ‘Ó ra ẹran sè jẹ’: ríra ló ṣáájú, sísè tẹ̀ lé e, jíjẹ ló gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá yí wọn padà kò sọ Yorùbá mọ́. Ìtàn gígùn náà ń tẹ̀ lé òfin yìí. Bí asọ̀tàn kò bá sọ nǹkan mìíràn, ohun tó kọ́kọ́ sọ ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. ‘Ti’ ni àmì pé ó fẹ́ yà kúrò nínú òfin náà fún ìgbà díẹ̀.

‘Ti’ nínú ìtàn àròsọ

Lámèyítọ́ ìtàn àròsọ Yorùbá ti sọ púpọ̀ lórí òwe, àfiwé, ẹ̀dá ìtàn àti ẹ̀kọ́ ìwà. Díẹ̀ ni ohun tó sọ lórí ìgbà. Bẹ́ẹ̀, láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìgbà ti wà ní àárín gbùngbùn iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé.

Ẹ wo Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Ṣẹ̀gilọlá tí I. B. Thomas tẹ̀ ní ìpín-ìpín nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láàárín 1929 àti 1930. Lẹ́tà ni ó jẹ́, láti ọwọ́ obìnrin tó ti ṣe fàájì tán, tí àìsàn dá dúbúlẹ̀, tó wá ń bojú wẹ̀yìn. Nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ibùdúró méjì ló wà: ọjọ́ tí ẹ̀dá ìtàn ń sọ nípa rẹ̀, àti ọjọ́ tó jókòó kọ lẹ́tà. Nítorí pé ‘ti’ kì í sọ ibi tí ibùdúró wà, gbólóhùn kan lè ṣe ojú méjì. Bí akọ̀lẹ́tà bá kọ pé ‘Mo padà sí àdúgbò wa, àwọn ọ̀rẹ́ mi ti kú’, ṣé wọ́n ti kú kí ó tó padà ni, àbí wọ́n ti kú nísinsìnyí tó ń kọ̀wé? Èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò fi agbára mú un láti yan ọ̀kan. Èdè Yorùbá gbà kí ìbànújẹ́ ìgbà náà àti ti ìsinsìnyí jókòó lórí ẹní kan náà. Fún obìnrin tó ń kábàámọ̀, ẹ̀bùn ni èyí jẹ́.

Fágúnwà gba ọ̀nà mìíràn. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), òǹkọ̀wé kan ló ń kọ ohun tí Àkàrà-ògùn ń sọ fún un sílẹ̀. Ìrìn àjò ti parí kí ìwé tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìtàn náà ló ṣáájú ìjókòó àwọn méjèèjì. Bí ‘ti’ bá jẹ́ ‘had’ lóòótọ́, ó yẹ kí ó wà lórí gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe láti ìgbà tí Àkàrà-ògùn ti la ẹnu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní kété tí Àkàrà-ògùn bá ti mú olùgbọ́ wọ inú igbó, inú igbó ni ibùdúró wà, ọ̀rọ̀-ìṣe lásán sì ń tẹ̀ léra bí ẹsẹ̀ ọdẹ. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, èdè tó ń túmọ̀ sí ń béèrè ìpinnu lórí àsìkò lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbólóhùn lẹ́yìn gbólóhùn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àfiwé ìwé méjèèjì yóò rí iṣẹ́ gidi níbẹ̀, yàtọ̀ sí ti òwe àti orúkọ àwọn ẹ̀dá inú igbó tí àwọn lámèyítọ́ sábà ń dojú kọ.

Inú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti le jù. Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969, tí Lápàdé ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì jẹ́ akọni inú rẹ̀, àti Owó Ẹ̀jẹ̀ tí Kọ́lá Akínlàdé kọ ní 1976, wà lára àwọn tó fi ẹsẹ̀ irú ìtàn yìí múlẹ̀ ní èdè Yorùbá. Irú ìtàn yìí ń rin ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ìwádìí ń lọ síwájú, ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń wádìí sì wà lẹ́yìn. Ìbéèrè tí olùwádìí ń bi ẹlẹ́rìí kì í ju ‘kí ló ṣáájú kí’ lọ. Ẹni tó bá ní ‘Nígbà tí mo wọlé, fìtílà kú’ àti ẹni tó ní ‘Nígbà tí mo wọlé, fìtílà ti kú’ kò jẹ́ ẹ̀rí kan náà. Ẹni àkọ́kọ́ rí ohun tó wà nínú yàrá kí òkùnkùn tó ṣú. Ẹni kejì kò rí nǹkan kan. Òǹkàwé tó bá ń sáré kọjá lórí ‘ti’ yóò pàdánù ohun tí olùwádìí rí.

Bí ‘ti’ ṣe ń ba ìtẹ̀léra jẹ́

Ìpínrọ̀ kúkurú yìí, tí wọ́n ṣe fún àpẹẹrẹ, yóò la ọ̀rọ̀ náà yé:

(3) Àdùkẹ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo títì. Ọkọ rẹ̀ ti lọ sí Kùmásí ní ọdún mẹ́ta ṣáájú. Ó ta oko kòkó rẹ̀, ó yá owó lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ lóru. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló kọ. Ilẹ̀ ti ṣú báyìí; Àdùkẹ́ dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

‘Ti’ kan ṣoṣo ló ṣílẹ̀kùn sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀-ìṣe lásán gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀: títa ṣáájú yíyá, yíyá ṣáájú wíwọ ọkọ̀. ‘Ti’ kejì, pẹ̀lú ‘báyìí’, ló dá òǹkàwé padà sẹ́nu ọ̀nà Àdùkẹ́. Àwọn akọ̀tàn Gẹ̀ẹ́sì tó mọṣẹ́ pàápàá kì í ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á fi ‘had’ wọlé, wọ́n á sì gbé e sílẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tẹ̀ lé òfin pé gbogbo ‘had’ ni ‘ti’:

(4) Ó ti ta oko kòkó rẹ̀, ó ti yá owó lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ti wọ ọkọ̀ lóru.

Kì í ṣe pé gbólóhùn náà wúwo létí nìkan. Ìtẹ̀léra ti bọ́ lọ. Ohun mẹ́ta tí ọkùnrin náà ti ṣe ni (4) kà sílẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń ka ẹrù inú àpò. Èwo ló ṣáájú kò hàn mọ́. Ìdí ni pé ibùdúró kan náà ni ‘ti’ kọ̀ọ̀kan ń wò. Ó ń sọ pé ìṣẹ̀lẹ̀ ṣáájú ibùdúró; kò sọ pé ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣáájú èkejì. Ẹni tó lo ‘ti’ púpọ̀ nítorí àtifi ètò hàn ló tú ètò náà ká. Òfin tí wọ́n fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti ba iṣẹ́ tí wọ́n ní kí ó ṣe jẹ́.

Láti inú ìwé dé ilé ẹjọ́

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ni èyí, kí ó ro ti ilé ẹjọ́. Òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999, ní abala 36(6)(e), fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bí kò bá gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń gbọ́ ẹjọ́ náà. Ẹ̀tọ́ yìí kò ju bí ògbufọ̀ náà bá ti mọṣẹ́ tó lọ. Bí agbẹjọ́rò bá fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè bóyá ọkùnrin náà ti ṣubú kí olùjẹ́jọ́ tó dé, tí ògbufọ̀ sì ní ‘Ṣé ó ṣubú nígbà tí o dé?’, ìbéèrè mìíràn ló bi í. ‘Bẹ́ẹ̀ ni’ tí olùjẹ́jọ́ bá dáhùn lè di ìjẹ́wọ́ pé ojú rẹ̀ ni ìṣubú náà ṣẹlẹ̀. Sílébù kan ṣoṣo ló sọnù, ṣùgbọ́n ó lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n. Òdìkejì rẹ̀ náà ń bẹ: bí ẹlẹ́rìí bá rojọ́ gígùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀ léra láìsí ‘ti’, ògbufọ̀ tí kò mọ̀ pé ìtẹ̀léra wà nínú ètò ọ̀rọ̀ lè tò ó bó ṣe wù ú.

Ohun tó yẹ kí olùkọ́ ṣe

Èkíní, kí ẹ̀kọ́ nípa ‘ti’ má bẹ̀rẹ̀ láti ‘had’. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìtàn Yorùbá tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ yé, kí wọ́n yọ ‘ti’ kúrò, kí wọ́n dá a padà, kí wọ́n sì sọ ohun tó yí padà. Gbólóhùn (1) àti (2) tó fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama.

Èkejì, kí wọ́n kọ́ ‘ti’, ‘kí … tó’, ‘nígbà tí … yóò fi’, ‘ṣẹ̀ṣẹ̀’, ‘kò tíì’ àti ìtẹ̀léra ọ̀rọ̀-ìṣe papọ̀ gẹ́gẹ́ bí agbo kan, nítorí pé agbo kan ni wọ́n. Ìwé tó bá tò wọ́n sí orí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan lábẹ́ ibá-ìṣẹ̀lẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ awẹ́-gbólóhùn, kò ní jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀kọ́ ìtumọ̀ máa bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè mẹ́ta kí ó tó fọwọ́ kan gègé: Níbo ni asọ̀tàn dúró sí? Kí ló ti ṣẹlẹ̀ kí ó tó dúró síbẹ̀? Ìgbà wo ló kúrò níbẹ̀? Ẹni tó bá lè dáhùn wọn yóò mọ ibi tí ‘ti’ yẹ àti ibi tí kò yẹ, yálà Gẹ̀ẹ́sì ló ti ń bọ̀ ni tàbí ó ń lọ síbẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtúpalẹ̀ yìí ti fi hàn pé ẹ̀sùn àìní àsìkò tí wọ́n fi kan èdè Yorùbá kò dúró. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kó lé ‘had’ lọ́wọ́, Yorùbá pín in fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. ‘Ti’ ń ṣílẹ̀kùn sí ẹ̀yìn. ‘Kí … tó’ ń fi ohun tó ń bọ̀ hàn láti ẹ̀gbẹ́ ohun tó ṣáájú. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀ léra ń ru ìtàn lọ. Lámèyítọ́ tí kò bá ka èyí kún yóò máa yin òǹkọ̀wé fún òwe rẹ̀, kò sì ní rí ọgbọ́n tó fi to ọjọ́ rẹ̀. Olùkọ́ tí kò bá kà á kún yóò máa kọ́ ọmọ Yorùbá láti sọ èdè rẹ̀ bí ẹni tó ń túmọ̀ rẹ̀ láti inú èdè mìíràn. Kí ‘had’ tó dé etí Yorùbá, ìtàn ni wọ́n ń sọ, ẹnikẹ́ni kò sì ṣi ìṣáájú mú fún ìkẹyìn.